Ẹ̀rọ Méjì Láti Orí Òkìtì Ìsà

Bí ẹ bá béèrè ní àdúgbò Yantala pé irinṣẹ́ wo ni Gbàdàmọ́sí fi ń tún rédíò ṣe, etí rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń tún rédíò àti anpulí ṣe ní Niamey. Anpulí ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga ní mọ́sáláṣí àti níbi ìpàdé. Kò fi ìgbà kankan ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ wò. Bí o bá gbé rédíò rẹ wá, á tan án, á dẹtí sí i, á mi orí lẹ́ẹ̀mejì, á sì sọ ibi tó ti ń dùn ún. Ìtàn kan wà pé takisí kan ń kọjá lọ, Gbàdàmọ́sí jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní bẹ́líìtì ọkọ̀ yẹn kò ní í gbé e dé odò. Kò sì dé odò lóòótọ́. Gbàdàmọ́sí fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń sọ ìtàn yìí.

Ohun tó ń yà á lẹ́nu láti bí ọdún mẹ́ta ni pé ayé ti ń ṣe jẹ́jẹ́ jù. Àwọn ẹyẹ tó máa ń pariwo létí odò láàárọ̀ ti kó lọ, ó ní ọ̀gbẹlẹ̀ ló lé wọn. Àwọn fóònù òde òní kò ní ohùn, ayédèrú ni gbogbo wọn. Ọmọ́táyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu láti ìgbà tí dókítà ti yọ eyín iwájú rẹ̀ kan. Ẹ̀fọn pàápàá ti tán ní Yantala. Ó máa ń gbóríyìn fún àwọn tó ń kó gọ́tà nítorí ìyẹn, bó ṣe ń họ apá rẹ̀ tó kún fún kókó ibi tí nǹkan ti jẹ ẹ́.

Bó bá mọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ìjà. Ọ̀ràn Zàlìhà ló dá wàhálà sílẹ̀.

Zàlìhà ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Boukoki ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ Faransé kó tó wá kọ́ṣẹ́, ọdún kẹfà rẹ̀ sì nìyí lọ́dọ̀ Gbàdàmọ́sí. Ó ti tó ẹni tó ń gba òmìnira. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá ní Niamey, òmìnira kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ọmọ iṣẹ́ yóò gbé iṣẹ́ kan tó dá ṣe wá síwájú ẹgbẹ́, ọ̀gá yóò dán an wò lójú gbogbo ènìyàn, yóò sì sọ ọ́ ketekete pé, “Iṣẹ́ yìí pé, mo tú u sílẹ̀.” Bí ọ̀gá kò bá sọ ọ́, kò sí àdúrà, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ọ̀gá bá sì dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ yóò lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn, ọdún mẹ́ta gbáko.

Gbàdàmọ́sí ti dá Zàlìhà padà lẹ́ẹ̀mejì. Anpulí kan náà ni lẹ́ẹ̀mejèèjì. “Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dára, àárín rẹ̀ dára,” ni ó wí nígbà àkọ́kọ́, “ṣùgbọ́n ohùn òkè, ohùn tínínrín tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara, kò sí níbẹ̀.” Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, Zàlìhà tún un ṣe, ó gbé e wá, Gbàdàmọ́sí sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Àwọn ènìyàn wojú ara wọn. Àwọn gbọ́ ohùn òkè náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n aránṣọ kì í kọ́ onírédíò ní rédíò. Àlhájì Àbdùlrásàq, aránṣọ tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, húkọ́ díẹ̀, ó sì sún un síwájú.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Gbàdàmọ́sí kò fẹ́ kí Zàlìhà lọ, torí ọmọ náà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Gbàdàmọ́sí dé egungun. Ó fẹ́ràn Zàlìhà bí ọmọ tó bí, ìdí gan-an tí kò fi lè purọ́ fún un nìyẹn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sì ti pinnu pé òun kò ní fi ẹnu lásán sọ ọ́ mọ́. Òun yóò wá ẹ̀rọ tí kò mojú ẹnikẹ́ni, tí yóò fi ibi tí iṣẹ́ náà kù sí hàn wọ́n.

Zàlìhà ló sọ fún un pé ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Plateau ti kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà ní yàrá abẹ́ ilé wọn dànù, pé ọ̀dọ̀ Ìsà onírin ni ọkọ̀ já wọn sí. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Òkìtì Ìsà wà lẹ́yìn ọjà Katako. Ọmọ Hausa ni Ìsà, ó ti gbé Ṣágámù fún ọdún mẹ́jọ, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ní ti irin, ohun mẹ́ta péré ló mọ̀ láyé: bàbà, alumíníọ̀mù, àti ìyókù.

“Sannu da zuwa, Bàbá. Kí lẹ ń wá?”

“Ẹ̀rọ tó ń súfèé.”

“N ò ní nǹkan tó ń súfèé o. Mo ní bàbà.”

Gbàdàmọ́sí ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gun òkìtì náà lọ. Lábẹ́ fáànù méjì àti ilẹ̀kùn fìríìjì ló ti rí i: àpótí aláwọ̀ eérú kan tó tó páálí bisikíìtì, àkọlé Faransé lójú rẹ̀, àti ohun róbótó kan bí àwo tí wọ́n to nọ́ńbà yí ká etí rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ Gbàdàmọ́sí níṣẹ́ ní irú rẹ̀ nígbà kan, asúfèé ni wọ́n ń pè é. Tí o bá yí àwo náà sísàlẹ̀, á máa hùn. Tí o bá yí i sókè, á máa súfèé. Ohùn tó sì ń gbé jáde kò ní àbùlà. Wọ́n máa ń rán irú ohùn bẹ́ẹ̀ gba inú anpulí kọjá, kí wọ́n lè mọ èyí tó dé òdìkejì àti èyí tó sọnù sọ́nà. Inú Gbàdàmọ́sí dùn bí ẹni tó pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lájò.

“Èyí ńkọ́?” Ìsà na ìka sí ẹ̀rọ kejì, èyí tó wúwo tó sì ní gíláàsì lójú. “Òsílò ni ẹni tó já a sílẹ̀ pè é. Ó ní ó máa ń ya àwòrán ohùn. Bàbà inú rẹ̀ pọ̀ wallahi, Ọjọ́bọ̀ ni mo máa fọ́ ọ.”

“Máa fọ́ ọ. Etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́, n kì í fi ojú ṣe é.”

Wọ́n ṣe àdéhùn pé Gbàdàmọ́sí yóò tún gbohùngbohùn tí Ìsà fi ń polówó káàkiri àdúgbò ṣe fún un, Ìsà sì fún un ní asúfèé. Zàlìhà, tó bá a lọ, dúró ti òsílò náà díẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu eruku ojú gíláàsì rẹ̀, ó sì tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ tó ti sùn fún ọgbọ̀n ọdún, a kì í jí i lójijì. Wọ́n tú u. Eruku ọyẹ́ tó wà nínú rẹ̀ tó èyí tí a lè gbin ẹ̀fọ́ sí, ẹyin ọmọńlé mẹ́rin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Zàlìhà fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó fi sípíríìtì nu gbogbo ibi tí irin ti ń kan irin. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi gílóòbù kan sí ojú ọ̀nà iná rẹ̀. Bí inú ẹ̀rọ bá ti bàjẹ́, gílóòbù yóò tàn yòò, yóò sì máa tàn bẹ́ẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá le, yóò tàn fìrí, yóò sì wálẹ̀. Wọ́n tan án. Gílóòbù tàn fìrí, ó wálẹ̀.

“Alhamdulillahi,” ni Gbàdàmọ́sí wí. Ó so sípíkà kan mọ́ asúfèé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwo.

Ìsàlẹ̀ hùn bí àkèré. Ní nọ́ńbà kìíní, ó ń dún bí fèrè. Ní èkejì, ó ń súfèé. Ní ẹ̀kẹta, súfèé náà ti ń jìnnà. Ní ẹ̀kẹrin, ó dákẹ́. Gbàdàmọ́sí yí i dé ìkejìlá, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

“Òkè rẹ̀ ti kú,” ni ó wí. “Ìwọ náà kò gbọ́ nǹkan kan, àbí?”

Zàlìhà wò ó. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ojú ẹni tí eyín ń dùn. “Mo ń gbọ́ yín, Ọ̀gá,” ni ó wí. Èsì ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Gbàdàmọ́sí fi bá asúfèé wọ̀yáàjà. Ó pààrọ̀ èyí, ó pààrọ̀ tọ̀hún, ó tún àwọn ojú òjé tó so wáyà pọ̀ jó. Á yí àwo náà sókè pátápátá, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa wá ibi tí ohùn há sí títí di ìrọ̀lẹ́. Òkè kò jí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Yàqúb onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwọn, yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́.

“Bàbá Gbàdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Oníbàárà mi ò jẹ́ kí orí ẹ̀ dúró.”

“Kí ni kí n pa?”

“Nǹkan tó ń han yẹn.”

“Nǹkan yìí? Ó ti kú láti ọjọ́ Ajé.”

Yàqúb wo Gbàdàmọ́sí. Ó wo Zàlìhà tó fi òwú di etí rẹ̀ méjèèjì, tó tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kò burú, ó padà lọ. Gbàdàmọ́sí mi orí. Ó ní orin tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń fi wáyà kì sétí ni yóò pa wọ́n.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ ṣàìsàn kò lè jẹ́rìí sí àìsàn ẹlòmíràn, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù. Zàlìhà kọjú sí ògiri, ó ń to wáyà tí kò nílò títò.

“Ọ̀gá, òsílò yẹn,” ni ó wí sókè dáadáa. “Tí a bá so asúfèé mọ́ ọn, ó máa fi ibi tó kú sí hàn wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé lísè.”

Gbàdàmọ́sí rántí pé òní ni Ọjọ́bọ̀. Ó ju sukúdíráfà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dá ọlọ́kadà kan dúró lójú ọ̀nà, ó sì di ọmọkùnrin náà mú títí wọ́n fi dé Katako, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sọ pé òun kò lè gun nǹkan yẹn láéláé. Ìsà ti tú ìdérí òsílò. Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dúró.”

Ìsà dúró. “Ẹ ní etí lẹ fi ń ṣiṣẹ́, Bàbá.”

“Ojú náà ń fẹ́ iṣẹ́.”

“To, ó dáa,” ni Ìsà wí. Ó ju òòlù sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bá òun wo tẹlifíṣọ̀n ìyàwó òun náà tí àyè bá wà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n jí òsílò. Gílóòbù tàn fìrí, ó wálẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan aláwọ̀ ewé yọ láàárín gíláàsì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Zàlìhà fi wáyà so asúfèé mọ́ ọn, ó sì fi sípíkà sílẹ̀ kó máa dún.

Gbàdàmọ́sí yí àwo. Ní nọ́ńbà kìíní, ìlà náà dìde, ó di òkè àti àfonífojì, òun náà sì ń gbọ́ ọ. Ní èkejì, àwọn òkè náà sún mọ́ra. Ní ẹ̀kẹta, ohùn ti ń jìnnà. Ní ẹ̀kẹrin, sípíkà dákẹ́, Gbàdàmọ́sí sì fi ìka sójú gíláàsì láti fi ibi tí ìlà máa tẹ́ sí han Zàlìhà. Ìlà kò tẹ́. Àwọn òkè náà dúró, wọ́n ga bákan náà, wọ́n kàn há mọ́ra ni. Ó yí i dé ìkarùn-ún, dé ìkẹjọ, dé ìkejìlá. Wọ́n dúró síbẹ̀.

Ó fa wáyà yọ, ìlà tẹ́. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́, òkè dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òdìkejì, Yàqúb ń fi nǹkan lu ògiri. Ìyẹn, Gbàdàmọ́sí gbọ́ ọ.

Ó yíjú sí Zàlìhà. “Kí ló wà létí rẹ?”

“Òwú ni, Ọ̀gá.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ Ajé.”

Ẹ̀rù ba Gbàdàmọ́sí, irú ẹ̀rù tí kò bà á rí nínú iṣẹ́ yìí, títí kan ọjọ́ tí iná gbé e. Ó fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó. Ó rántí àwọn ẹyẹ. Ó rántí eyín Ọmọ́táyọ̀. Ó wo apá ara rẹ̀ níbi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá rántí anpulí, àti ọjọ́ méjèèjì tó dìde láàárín àwùjọ tó ní òkè kò sí níbẹ̀, tí ọmọ yìí sì gbé e lọ sílé láìjiyàn.

“O mọ̀?”

“Mo mọ̀, Ọ̀gá.”

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?”

“Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?” Ó yọ òwú létí. “Tí mo bá ní etí yín ni kò dáa, wọ́n á ní torí kí n lè gba òmìnira ni. Àti pé ọ̀gá mi lẹ jẹ́. N ò lè sọ bẹ́ẹ̀ sí yín. Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi sọ ọ́.”

Gbàdàmọ́sí nawọ́, ó pa asúfèé. Yàqúb dẹ́kun lílu ògiri.

Ọ̀nà tó rọrùn wà. Lọ́jọ́ Àìkú, kó dìde, kó ní iṣẹ́ yìí ti wá pé wàyí, kí wọ́n ṣàdúrà. Zàlìhà á gba òmìnira, orúkọ etí Gbàdàmọ́sí kò sì ní í bàjẹ́. Gbàdàmọ́sí ro ọ̀nà náà láti ọ̀sán Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, kò sì fi pa mọ́ fún ara rẹ̀ pé ó wu òun. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni pé gbogbo ayé á gbà pé ọmọ náà ba iṣẹ́ jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á máa gbé rédíò wọn kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́táyọ̀ gbé oúnjẹ wá, Gbàdàmọ́sí wo ẹnu rẹ̀ dáadáa bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì sọ fún un pé eyín rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

“Mo mọ̀,” ni Ọmọ́táyọ̀ wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní Boukoki kún. Anpulí Zàlìhà wà lórí tábìlì, sípíkà ńlá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, asúfèé sì wà níwájú. Zàlìhà dúró ti àwo. Kò tíì mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ sọ, kò sì béèrè.

“Gbogbo yín, ẹ gbé ọwọ́ kan sókè,” ni Gbàdàmọ́sí wí. “Èmi náà á gbé tèmi. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn náà mọ́, kó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni.”

Ọwọ́ lọ sókè. Zàlìhà bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwo, ó ń pe nọ́ńbà ní Faransé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níléèwé. Un. Ohùn náà gba inú anpulí, ó kún gbọ̀ngàn. Deux. Trois. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn ti ń fi ìka kan di etí. Quatre.

Gbàdàmọ́sí sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Òun nìkan ni. Gbogbo ọwọ́ yòókù wà lókè, ó sì dúró níwájú wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, Zàlìhà ń pe nọ́ńbà lọ. Ní cinq, ìkarùn-ún, ọwọ́ Àlhájì Àbdùlrásàq bọ́ sílẹ̀, ó wò yí ká, ó sì tún gbé e sókè. Ní douze, ìkejìlá, Zàlìhà pa á.

“Ẹ ti rí i,” ni Gbàdàmọ́sí wí. “Lẹ́ẹ̀mejì ni mo sọ fún yín pé òkè kò sí nínú iṣẹ́ ọmọ yìí. Òkè wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Etí mi ni kò dé ibẹ̀. Ọdún kan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì mọ bí a ṣe ń dá ọdún padà. Zàlìhà, má bínú.” Ó gbé ọwọ́ lé orí anpulí náà. “Iṣẹ́ yìí pé, mo tú u sílẹ̀.”

Àlhájì Àbdùlrásàq wo anpulí náà pẹ́, ó húkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Zàlìhà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó dé àmín àkọ́kọ́, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ó jẹ́ àṣà pé kí ọ̀gá fún ọmọ iṣẹ́ tó gba òmìnira ní irinṣẹ́ kan láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó fi bẹ̀rẹ̀. Gbàdàmọ́sí ti asúfèé sọ́dọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì.

“Ìwọ mú èyí tó ń dún. Òsílò ṣẹ́ kù fún mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà.”

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá Ọmọ́táyọ̀ lórí ẹní nínú àgbàlá, ó jókòó tì í. Wọn kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ gbá a ní apá, gbà! Ó yí àtẹ́lẹwọ́ padà, ó fi ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ hàn án.

“Wọ́n ti padà dé?” ni Gbàdàmọ́sí béèrè.

Ọmọ́táyọ̀ yíjú sí i kó tó dá a lóhùn, kó lè rí ẹnu òun dáadáa. “Wọn ò lọ ibì kankan, ọkọ mi,” ni ó wí.